Òjò Edinburgh Tún Ti Ṣe É

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo fi ṣe òjò Edinburgh gan-an? Ìgbà kẹta rèé tí mo máa wọ rélùwéè láti London lọ wo ìlú yẹn ní Scotland, ìgbà kẹta rèé tí mo máa padà délé bí adìẹ tí òjò pa. Oòrùn yọ láàárọ̀ o! Mo ní ó yá, ẹ jẹ́ ká gun Arthur's Seat, òkè tó ga tó mítà 251, ká rí gbogbo ìlú. A ò tíì gùn ún dé ìdajì tí kùrukùru fi gba orí òkun wọlé. Haar ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ó bo ilé, ó bo òkun, ó bo ọ̀rẹ́ mi tó wà níwájú mi. Fọ́tò mẹ́rìnlá ni mo yà, funfun báláú ni gbogbo wọn. Agboòrùn tuntun ńkọ́? Atẹ́gùn yí i padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, irin rẹ̀ yọ síta bí egungun ẹja.

Òjò tiwa á rọ̀, á dá. Tiwọn, wínníwínní látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló sì ń gbà wọ èèyàn létí. Bàbá kan tiẹ̀ ń sọ fún mi pé ojú ọjọ́ dára lónìí. Dára bíi ti kí ni? Ìbọ̀sẹ̀ mi ṣì ń kán tó-tó-tó ní balùwẹ̀ báyìí.