Wáìnì Piemonte ò mọ sórí Barolo o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn wáìnì, ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́. Bí wọ́n bá ti dárúkọ Piemonte ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Ítálì, Barolo, wáìnì pupa ibẹ̀, ni gbogbo ẹnu ń pariwo. Barolo dára, mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Àmọ́ oṣù 38, ó kéré tán, ni òfin ní kí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ kó tó dé ọjà, owó rẹ̀ sì ń gúnni lára. Èyí tó ń dùn mí ni pé òkìkí rẹ̀ ti bo àwọn àjàrà míì mọ́lẹ̀.

Ẹ wo Timorasso. Àjàrà funfun ni, orí òkè tó yí ìlú Tortona ká ni wọ́n ti ń gbìn ín. Oníyọnu ni lóko, ọdún tó bá wù ú ló ń so dáadáa. Ìdí nìyẹn táwọn àgbẹ̀ fi ń hú u nígbà kan, tí wọ́n ń fi àjàrà Cortese tó ń so wọ̀ǹtìwọnti rọ́pò rẹ̀. Walter Massa, tó ń ṣe wáìnì ní abúlé Monleale, ló fàáké kọ́rí. Láàárín àwọn ọdún 1980, ó kó ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù jọ, ó sì ń fi Timorasso nìkan ṣe wáìnì. Derthona, orúkọ àtijọ́ ìlú Tortona, ni wọ́n ń kọ sára ìgò rẹ̀ báyìí. Tẹ́ ẹ bá dà á sí ife, ẹ má tíì mu ún; ẹ jẹ́ kí òórùn oyin yẹn jáde ná. Ó ki lẹ́nu, ó kan díẹ̀, adùn rẹ̀ kì í sì í tètè kúrò lọ́fun. Ó tún lè lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú ìgò kó máa dùn sí i. Wáìnì funfun mélòó ló lè dán an wò?

Ruchè ní tiẹ̀, pupa ni. Don Giacomo Cauda, àlùfáà ìjọ Àgùdà ní Castagnole Monferrato, ló jí i dìde nínú ọgbà ìjọ rẹ̀ láwọn ọdún 1960. Lọ́dún 2010, Ruchè wọ ẹgbẹ́ DOCG, ìpele tó ga jù lọ fún wáìnì ní Ítálì, ipò kan náà tí Barolo wà. Òórùn róòsì ló fi ń kíni.

Ṣùgbọ́n Pelaverga ti Verduno ni mo gbádùn jù. Inú ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe Barolo gan-an ni abúlé Verduno wà! Àgbẹ̀ ibẹ̀ lè fi gbogbo oko gbin Nebbiolo tí wọ́n fi ń ṣe Barolo, kó máa pa owó ńlá. Síbẹ̀ wọ́n fàyè sílẹ̀ fún wáìnì pupa fẹ́ẹ́rẹ́ yìí, tó ń ta sánsán bí iyèré. Bí àwa tá à ń rà á ò bá béèrè rẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ máa tìtorí rẹ̀ gbìn ín?

Freisa àti Grignolino, àjàrà pupa Piemonte míì, ló kù tí mò ń wá wáìnì wọn. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi.