Èsì wa sí ọ̀gá ilé-ìwé tó ní kọ̀ǹpútà tuntun kò rí fódà ṣí

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ sì kú wàhálà àwọn ọmọ.

A ti ka ohun tí ẹ kọ. Ẹ ní àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ẹ rà lọ́wọ́ wa ní Takie kò rí fódà èsì ìdánwò ṣí lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì yín. Ẹ ní àwọn ti àtijọ́ ń ṣí i, àmọ́ bí iná bá lọ tó tún dé, àwọn náà kì í rí i mọ́. Ẹ wá ní Tòkúnbọ̀ la tà fún yín lówó tuntun, kí a dá owó padà. Ìràwọ̀ kan lẹ fún wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ Tòkúnbọ̀ kúrò nílẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wà lórí rìsíìtì yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ojú-ewé iléeṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà, ẹ óò rí ìgbà tí wàráńtì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Fódà gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àwòrán tí ẹ fi ránṣẹ́ ràn wá lọ́wọ́, torí ohun tí kọ̀ǹpútà kọ síbẹ̀ ni pé ètò ààbò kò gba kí èèyàn wọlé bí àlejò tí kò sọ orúkọ. Kì í ṣe pé kò rí fódà o. Ó rí i, ó kọ̀ láti wọ ibẹ̀ ni. Ẹni tó ṣètò fódà yẹn fún yín pa páswọ́ọ̀dù rẹ̀ kí ó lè rọrùn fún àwọn tíṣà. Àwọn Windows àtijọ́ tí ẹ ní ń gbà bẹ́ẹ̀. Windows 11 Pro ẹ̀dà 24H2, tó jáde lọ́dún 2024, kò gbà á mọ́ àfi tí èèyàn bá mọ̀ọ́mọ̀ yí i padà, òun ló sì wà lórí àwọn tuntun yín. Ìdí nìyẹn tí ògbólógbòó fi ń wọlé tí tuntun ń dúró síta.

Ẹ ní ẹnjiníà kan ti wá bá yín tan SMB1, ó sì pa firewall, ìyẹn ètò tó ń ṣọ́ ohun tó ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé, lórí gbogbo kọ̀ǹpútà. Mà, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. SMB ni Windows fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fódà àti pírínta, SMB1 sì ni àtijọ́ rẹ̀ pátápátá. Ihò tó wà lára rẹ̀ ni kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry gbà wọlé ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, tó ti fáìlì àwọn èèyàn pa kárí ayé tó sì ń béèrè owó, débi pé àwọn ilé-ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń dá aláìsàn padà sílé. Kí ọdún yẹn tó parí, Microsoft ti ń yọ ọ́ kúrò nínú Windows 10. Kódà Windows 7 tí bọ́sà yín ń lò gbọ́ SMB2. Ẹ ṣáà rí i pé ó tàn án tán, fódà kò ṣí.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe nìyí: lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, kí ẹ dá orúkọ kan sílẹ̀ fún àwọn tíṣà, kí ẹ fún un ní páswọ́ọ̀dù, kí fódà sì padà máa béèrè páswọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà, ẹ fún orúkọ yẹn láyè níbi méjì nínú Properties fódà náà, lójú Sharing àti lójú Security. Ibí ló máa ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Bí ẹ ṣí ti Sharing sílẹ̀ gbayawu, tí Security bá ní kíkà nìkan, tíṣà kò ní lè kọ nǹkan kan síbẹ̀. Èyí tó le jù nínú méjèèjì ló ń borí. Ẹ sọ fún wọn pé PIN tí wọ́n fi ń ṣí kọ̀ǹpútà kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀, páswọ́ọ̀dù gan-an ni.

A lè pa ìdènà àlejò lórí àwọn tuntun, kí fódà ṣí lójú ẹsẹ̀. A kò ní ṣe é. Èsì ọmọ ọlọ́mọ ló wà níbẹ̀, Wi-Fi kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ń lò, ọmọ SS2 tó bá mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀ á ti fi kún máàkì rẹ̀ kí aago ìsinmi tó lù.

Ti iná kò le. Nọ́ńbà àdírẹ́ẹ̀sì, irú bíi 192.168.1.5, ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà àbùjá sójú kọ̀ǹpútà àwọn tíṣà. Ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi yín, ló ń pín nọ́ńbà yẹn, bó bá sì kú tó tún tàn, ó lè gbé ti ọ́fíìsì fún fóònù ẹlòmíì. A ó ní kí ráútà ya nọ́ńbà kan sọ́tọ̀ fún ọ́fíìsì. Èèyàn lè lo orúkọ kọ̀ǹpútà dípò nọ́ńbà, àmọ́ ìyẹn náà máa ń ṣe ségesège nígbà míì.

A kò ní lè dá owó padà, mà, torí ẹ̀rọ kò ní àléébù. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ wa yóò wá lọ́jọ́ Sátidé, lọ́fẹ̀ẹ́, láti tún gbogbo rẹ̀ tò, kó pa SMB1, kó sì dá firewall padà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó mọ páswọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì àti ti ráútà wà nítòsí, kí epo jẹnẹrétọ̀ sì wà nílẹ̀ bí kò bá sí iná, torí a gbọ́dọ̀ pa ráútà ká tún un tàn kí a tó mọ̀ pé nọ́ńbà ọ́fíìsì kò yí padà mọ́.