Ta ló ń fi láítà wá ibi tí gáàsì ti ń jò?

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ará Èkó. Ọmọkùnrin kan tan láítà sí ìdí sílíńdà gáàsì mi láàárọ̀ yìí, nínú ilé tí mò ń gbé ní Sùúrùlérè, ó ní òun ń wá ibi tó ti ń jò. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ mọ hítà gáàsì tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri balùwẹ̀ kiri báyìí, nítorí pé kò sẹ́ni tó lè gbọ́kàn lé iná ìjọba. Éjẹ́ǹtì á ní, "Ilé yìí ní omi gbígbóná o, mà," owó ilé á sì gbéra sọ. Tèmi kò gbádùn mọ́ láti ìgbà òjò. Iná inú rẹ̀ tó yẹ kó jẹ́ búlúù ti di yẹ́lò, èéfín sì ti kun ògiri òkè rẹ̀ dúdú. Bí mo bá wẹ̀ tán, orí á máa fọ́ mi, òòyì á máa kọ́ mi. Mo pa á, mo ń gbé omi kaná. Mo pe kiatéká, ó ní òun ń bọ̀. Mo tún pè é, òun ń bọ̀. Àmọ́ tí owó ìtọ́jú ilé bá ti pé, ilẹ̀ ọjọ́ náà kì í tíì mọ́ tán tí bàbá yìí fi máa ń dé ẹnu ọ̀nà.

Àárọ̀ yìí ló wá rán ẹnì kan pé kó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Kò mú nǹkan kan dání ju sípánà kan àti fóònù lọ. "Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì." Ó ṣí ìsàlẹ̀ hítà, ó yọ bátìrì ńlá méjì tó ń ṣáná sí i, ó ki tuntun méjì bọ̀ ọ́. Kò tú ojú rẹ̀ wò. Kò fọ bọ́nà tí eruku ti dí. Kò béèrè ìdí tí iná fi di yẹ́lò. Ó wá mú aṣọ ìnura mi, èyí tí mo fi ń nu ojú, ó fi nu ara hítà dán. "Ó ti parí, Mọ́mì. ₦15,000."

Ó parí kẹ̀? Mo ní páìpù èéfín rẹ̀ ńkọ́, ibo ló gbà jáde? Ó gun àpótí, ó ti àjà sókè díẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Èmi náà gun un, mo wò ó. Páìpù náà wọ inú àjà, ó parí síbẹ̀. Kò dé ìta rárá! Gbogbo èéfín tí hítà yẹn ń tú, orí wa ló ń padà wá bà lé. Tí iná bá sì ti di yẹ́lò báyẹn, gáàsì olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide máa ń pọ̀ nínú èéfín náà. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń wọ̀ lọ tí á gba ipò ọ́síjìn mọ́ ọn lọ́wọ́. Òun náà ló ń pa àwọn tó tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn, tí wọ́n á fi bá odidi ìdílé ní òkú láàárọ̀. Ọmọkùnrin yìí ní kí n máa ṣí fèrèsé. Fèrèsé wo? Èyí tó dojú kọ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò mi, tí kì í sinmi láti ìrọ̀lẹ́ títí di òru? Mo ti bá wọn jà lórí ìyẹn náà títí, ẹnu mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Mo wá sọ fún un pé mò ń gbọ́ òórùn gáàsì nídìí sílíńdà ní kíṣìnì. Ó ní, "Ẹ jẹ́ n wò ó." Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó fa láítà yọ, ó ṣá a, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iná yẹn rìn lára ọ́ọ̀sì, ó ń bọ̀ wá sápá régúlétọ̀. Ìyá Ìbejì tó ń gbé lókè wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì mi, ó pọn ọmọ kan, ó fa ìkejì lọ́wọ́. Mi ò mọ ìgbà tí mo fò mọ́ ọmọkùnrin náà. Mo gbá láítà náà dànù. Ó ń rẹ́rìn-ín! "Mọ́mì, ẹ̀rù ń bà yín jù. Báyìí la ṣe ń ṣe é. Tó bá ń jò, iná á hàn níbẹ̀."

Iná á hàn níbẹ̀! Ẹni tí wọ́n ní kó wá dáàbò bò wá ló ń sọ̀rọ̀ yẹn o! Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Tó bá jò, ilẹ̀ ló ń sọ̀ sí, á máa kó jọ sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù àti sínú gọ́tà, imú ẹni tó dúró lè máà tètè gbọ́ ọ. Omi ọṣẹ ni wọ́n fi ń wá a! Ọṣẹ! Nígbà tí mo lé e jáde tán, mo po ọṣẹ ìfọṣọ mọ́ omi nínú ife, mo fi fóòmù kun ibi tí régúlétọ̀ ti so mọ́ sílíńdà. Ìfófòó kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, wọ́n ń wú, wọ́n ń bẹ́. Mo pa fáàfù, mo tú régúlétọ̀ kúrò. Rọ́bà róbótó tó wà lẹ́nu fáàfù ti gan, ó ti sán ní ẹ̀gbẹ́ kan. Rọ́bà tí owó rẹ̀ kò tó owó ọkọ̀ dé Ojúẹlẹ́gba! Ohun tó fẹ́ fi sílẹ̀ lọ nìyẹn, tó ń béèrè ₦15,000.

Bẹ́ẹ̀ ìta kò sàn ju inú ilé lọ. Ẹni tó ń ta gáàsì lẹ́nu géètì wa fẹ̀yìn ti ìyá alákàrà, iná ń jó fòfò lápá kan, ó ń rọ gáàsì lápá kejì. Tí o bá ní kó gbé sílíńdà 12.5 kg rẹ sórí òṣùwọ̀n, kó fi ìwọ̀n òfìfo tí wọ́n tẹ̀ sára irin náà ṣírò ohun tó rọ sí i, á ní o ti fẹ́ràn wàhálà jù. Ṣé a ti gbàgbé Abúlé-Àdó ni? Lọ́jọ́ Àìkú, 15 oṣù Kẹta 2020, ìbúgbàmù wó ilé lulẹ̀ lọ rẹpẹtẹ, ó wó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin Bethlehem, Sister Henrietta Alokha tó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà kú níbi tó ti ń kó àwọn ọmọ jáde. Nígbà yẹn, kò sí ẹnu tí kò sọ̀rọ̀ ààbò ní Èkó. Ta ló ṣì ń sọ ọ́ báyìí?

Mo pe kiatéká. Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni, pé kí n má ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ ọmọlọ́mọ lọ́wọ́. Mo ní ṣé ó kọ́ṣẹ́ gáàsì? Ó ní iṣẹ́ wáyà iná ló kọ́, pé ìkan náà ni. Ìkan náà! Ẹ̀mí ọmọ Ìyá Ìbejì ló fi ń kọ́ṣẹ́ yẹn o!

Ẹ̀yin kiatéká, ẹ yọ hítà yẹn kúrò ní balùwẹ̀ mi. Ẹ gbé e síta, síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kí ẹni tó kọ́ṣẹ́ gáàsì ní tòótọ́ wá so ó. Ìgbà tí ẹ bá ṣe é tán ni kí ẹ tó wá bá mi sọ̀rọ̀ owó ilé ọdún tó ń bọ̀.