Ọ̀rọ̀ Canterbury yìí, ẹ rọra

Ẹ̀yin tẹ́ ń pariwo pé Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ kẹ̀yìn sí Canterbury, ìyẹn ibùjókòó olórí ìjọ Áńgílíkà ní England, torí wọ́n yan Sarah Mullally ní áṣíbíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ ní October 2025, ṣé ẹ ti gbàgbé 2005 tí wọ́n ti yọ Canterbury kúrò nínú òfin ṣọ́ọ̀ṣì ni? Tó bá jẹ́ ti àdúrà ìbùkún fáwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ra wọn tí màmá yẹn fọwọ́ sí, mo gbọ́ o, èmi náà ò fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹ má fi ti pé ó jẹ́ obìnrin kún un jàre. Níbí ní Badagry, níbi tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn míṣọ́nnárì CMS ti wà látọdún 1845, ta ló ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì, ta ló ń dáwó ìkórè, àwọn wo ló kún kọ́yà? Àwọn màmá wa náà ni! Tó bá wá kan oyè àlùfáà, ẹ ní rárá, ó tán.