Kì Í Ṣe Odò Bérézina Ni Wọ́n Ti Ṣẹ́gun Napoleon

Ẹni tó bá ń ka ìwé ìròyìn èdè Faransé ní Àjàṣẹ́, ní Kútọnu tàbí ní Lomé lè ti bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé ní abala eré ìdárayá: bí wọ́n bá na ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní góòlù márùn-ún tí kò sì rí ẹyọ kan dá padà, akọ̀ròyìn á ní Bérézina ni. Wọ́n ń lò ó fún olóṣèlú tí ìbò já kulẹ̀, wọ́n sì ń lò ó fún ilé iṣẹ́ tó wọko gbèsè. Nínú ìwé ìròyìn èdè Gẹ̀ẹ́sì tí à ń kà ní Èkó àti Ìbàdàn, Waterloo ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá fìdí rẹmi, wọn a ní ó ti pàdé Waterloo tirẹ̀. Nítorí pé inú ogun Napoleon, olú ọba Faransé, ni orúkọ méjèèjì ti jáde, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bákan náà ni wọ́n rí, pé bí wọ́n ṣe fọ́ ọmọ ogun rẹ̀ túútúú ní Waterloo ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 1815, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fọ́ ọ ní Bérézina ní ọdún 1812. Òótọ́ ni ti Waterloo. Ti Bérézina kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: ohun tí Napoleon ń wá níbẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, àwọn ará Rọ́ṣíà ló pàdánù ohun tí wọ́n ń lé.

Odò ni Bérézina, ó wà ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Bẹ̀lárúùsì lónìí. Nígbà tí Napoleon fi dé ibẹ̀ ní ìparí oṣù Kọkànlá, ó ti lé ní oṣù kan tó ti kúrò ní Mọ́sìkò, ìlú Rọ́ṣíà tó gbógun lọ, tó ń padà sẹ́yìn, ojú ọmọ ogun rẹ̀ sì ti rí màbo. Àwọn ọ̀gágun Rọ́ṣíà mẹ́ta ló ń há a mọ́: Kutuzov ń bọ̀ lẹ́yìn, Wittgenstein ń sọ̀kalẹ̀ láti àríwá, Chichagov sì ti wà níwájú, ó ti gba ìlú Borisov àti afárá ibẹ̀. Àwọn Faransé gba ìlú náà padà ní ọjọ́ 23, ṣùgbọ́n àwọn ará Rọ́ṣíà ti dáná sun afárá náà mọ́ wọn lójú. Pańpẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í jáde nínú rẹ̀ ni, tàbí kí á ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí lójú àwọn tó dẹ ẹ́.

Ọ̀gágun Faransé kan tó ń jẹ́ Corbineau ti rí ibi tí odò kò ti jìn púpọ̀ ní ẹ̀bá abúlé Studianka, ní àríwá Borisov. Napoleon wá ní kí àwọn kan lọ máa ṣe wọ̀ọ́wọ̀ọ́ ní apá gúúsù, bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbà sọdá. Chichagov gbà á gbọ́, ó kó púpọ̀ nínú ọmọ ogun rẹ̀ lọ sí gúúsù, ó sì fi ibi tó yẹ kó ṣọ́ sílẹ̀.

Iṣẹ́ wá kan ọ̀gágun Eblé, olórí àwọn ọmọ ogun tó ń kan afárá. Ṣáájú ìgbà náà, wọ́n ti pàṣẹ fún un ní ìlú Orsha pé kó ba gbogbo ẹrù afárá jẹ́ kí ìrìn lè yá, ṣùgbọ́n ó rọra fi àgbẹ̀dẹ tó ṣeé gbé kiri, èédú àti irinṣẹ́ díẹ̀ pa mọ́. Ní ọjọ́ 26, nǹkan bí 400 ọkùnrin, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ará Nẹ́dálándì, wọ inú odò náà. Wọ́n tú àwọn ilé Studianka palẹ̀, wọ́n sì fi igi wọn ṣe ẹsẹ̀ afárá. Omi mù wọ́n dé àyà, ó mu àwọn mìíràn dé èjìká, yìnyín gbàǹgbà-gbàǹgbà sì ń ṣàn bọ̀ lójú omi, ó ń kọlù wọ́n. Kí ilẹ̀ tó ṣú, afárá méjì ti dúró, ọ̀kan fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn, ọ̀kan fún kẹ̀kẹ́ ẹrù àti àgbá. Èyí tó wà fún kẹ̀kẹ́ wó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àwọn ọkùnrin náà sì tún padà sínú omi lóru láti tún un ṣe. Díẹ̀ ló yè nínú wọn. Eblé fúnra rẹ̀ kú ní Königsberg ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ mi ni èdè Faransé wà ni, iṣẹ́ takuntakun tó gba ẹ̀mí là ni ǹ bá máa pè ní Bérézina.

Ní ọjọ́ 28, ìjà bẹ́ ní bèbè méjèèjì. Oudinot àti Ney, ọ̀gágun Napoleon, dá Chichagov dúró ní ìwọ̀ oòrùn, Victor tó jẹ́ ọ̀gágun rẹ̀ náà sì dá Wittgenstein dúró ní ìlà oòrùn títí ilẹ̀ fi ṣú. Lóòótọ́, ọ̀wọ́ ọmọ ogun Faransé kan lábẹ́ ọ̀gágun Partouneaux ṣìnà, ó sì juwọ́ sílẹ̀ fún ọ̀tá, ṣùgbọ́n Napoleon, àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ àti àwọn ọ̀gágun àgbà rẹ̀ sọdá.

Ẹnìkan lè bi mí pé àwọn tó kú ńkọ́. Wọ́n pọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀pọ̀ ni, n kò sì ní fojú kéré wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sí lára àwọn tó ń jà mọ́. Aláàárẹ̀, aláìsàn, obìnrin àti ọmọdé tó tẹ̀lé ogun ni wọ́n. Ní òru ọjọ́ 28, afárá ṣófo, Eblé ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa sọdá, wọn kò fẹ́ kúrò nídìí iná tí wọ́n ń yá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 29, ó fi sísun afárá falẹ̀ títí kò fi lè dúró mọ́, nígbà tó sì fi iná sí i, gbogbo wọn rọ́ lù ú pọ̀. Ìran yìí ni àwọn tó yè gbé délé, òun ló sì sọ orúkọ odò náà di orúkọ àjálù. Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni àjálù, ọ̀tọ̀ ni kí ọ̀tá ṣẹ́gun ẹni. Àwọn ará Rọ́ṣíà kò pè é ní ìṣẹ́gun tó tẹ́ wọn lọ́rùn: Chichagov ni wọ́n di ẹ̀bi rù pé ó jẹ́ kí Napoleon bọ́, wọ́n fi í ṣẹ̀sín káàkiri, ó sì kúrò nílùú fún wọn. Paris ló kú sí ní ọdún 1849.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti òtútù tí wọ́n máa ń sọ pé ó pa wọ́n ní odò yìí. Odò náà ti dì tẹ́lẹ̀, ojú ọjọ́ ló móoru díẹ̀ tí yìnyín fi fọ́. Ká ní òtútù mú jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, wọn ì bá fẹsẹ̀ rìn kọjá lórí rẹ̀. Yìnyín odò tó fọ́ tó ń ṣàn lọ yìí gan-an ni èdè Faransé kọ́kọ́ ń pè ní débâcle, kí ọ̀rọ̀ náà tó di ti ìfìdírẹmi, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì sì yá a lò. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ọmọ ogun náà ti tán kó tó dé ibẹ̀. Ó lé ní 400,000 tó wọ Rọ́ṣíà ní oṣù Kẹfà, nǹkan bí 100,000 ló sì dé Mọ́sìkò ní oṣù Kẹsàn-án, nítorí pé ooru, àrùn àti sísá kúrò lójú ogun ti mú ọ̀pọ̀ lọ kí òjò dídì kankan tó bọ́.

Nípa bẹ́ẹ̀, tí akọ̀ròyìn eré ìdárayá bá fẹ́ tẹ̀lé ìtàn, ẹgbẹ́ tí wọ́n lé agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ méjì jáde, tí mẹ́ta fara pa, tó sì rá pálá bọ́ lọ́wọ́ ìjákulẹ̀ sí líìgì kejì ní ọjọ́ ìparí, ni ì bá pè ní Bérézina. Ti ikọ̀ Faransé ní Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 2010 yàtọ̀ pátápátá: àwọn agbábọ́ọ̀lù kọ̀ láti ṣe ìdánrawò ní Knysna, Mẹ́síkò nà wọ́n ní 2–0, Gúúsù Áfíríkà nà wọ́n ní 2–1, wọ́n sì padà sílé pẹ̀lú máàkì kan ṣoṣo ní ìsàlẹ̀ ìsọ̀rí wọn. Ìfìdírẹmi gidi nìyẹn, Knysna sì ni àwọn Faransé fi ń pè é títí di òní.