Ilẹ̀ Inú Ọgbà Náà, Ara Ilé Ni

Àwọn aláṣẹ ní ẹbí ló fún àwọn ọmọkùnrin tó gbé ẹ̀rọ tó ń wá irin lábẹ́ ilẹ̀ wọ ọgbà ilé àtijọ́ kan láyè. Wọ́n ní owó onírin àtijọ́ àti ìṣó dídípẹtà lásán ni wọ́n wú jáde, pé ògiri ilé ṣì dúró, àtẹ̀gùn ṣì wà níbẹ̀, nítorí náà kò sí nǹkan tó bàjẹ́. Ìdáhùn tí àwọn aláṣẹ fún aráàlú nìyẹn, lẹ́yìn tí gbogbo Èkó ti wo fídíò ọgbà ilé àtijọ́ yẹn ní Pópó Àgùdà, tí ihò kún inú rẹ̀ bí ẹni pé òkété ló kó lọ síbẹ̀. Ìwé ìròyìn yìí kò fara mọ́ ìdáhùn náà, a ò sì rò pé àwọn tó kọ ọ́ pàápàá gbà á gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ àyè tí ẹbí fúnni. Ẹni tó bá ní ìpín nínú ilé ẹbí ní Ìsàlẹ̀ Èkó mọ bí ẹbí ṣe máa ń pọ̀ tó lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fọwọ́ sí ìwé, àti bí wọ́n ṣe máa ń pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní kóòtù. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní gbogbo ọmọ bàbá ló fẹnu kò, tí dáwódù sì bu ọwọ́ lùwé, àyè yẹn kì í ṣe tiwọn láti fúnni. Òfin 77 ti ọdún 1979, èyí tó dá NCMM, àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, sílẹ̀, sọ ọ́ gbangba pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ walẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Kò yọ onílẹ̀ sílẹ̀. Òfin kan náà kò gbà kí ẹnikẹ́ni máa ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe ẹni tí àjọ náà bá fọwọ́ sí. Àwọn aláṣẹ tó dáhùn mọ òfin yìí. Kí ló dé tí a ò rí i kà nínú ohun tí wọ́n fi síta?

Èyí tó bí wa nínú jù ni pé wọ́n ní irin lásán ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé wọ ọgbà náà, irin nìkan ló ń gbọ́. Bó bá ti ké, ọmọkùnrin a fi ṣọ́bìrì ṣí ilẹ̀, a mú irin, a da ìyókù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyókù yẹn lọ̀rọ̀ wà: àwo fífọ́, ìlẹ̀kẹ̀, owó ẹyọ, ìkòkò tábà alámọ̀, egungun ẹran tí wọ́n jẹ. Àwọn Àgùdà tó ti Bàhíà ní ilẹ̀ Brazil padà wá sí Èkó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí, a sì mọ orúkọ díẹ̀ nínú àwọn kọ́lékọ́lé àti káfíńtà wọn. Ṣùgbọ́n irú àwo wo ni wọ́n fi ń jẹun? Ìlẹ̀kẹ̀ wo ni ìyàwó ilé gbé sọ́rùn la òkun kọjá? Ẹ̀yìnkùlé ló mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìnkùlé ọ̀hún ni wọ́n fi ṣọ́bìrì dà rú yìí.

Owó onírin náà kì í ṣe nǹkan kékeré. Ọ̀nínì oníhò tí àwọn bàbá wa ná láyé ìjọba òyìnbó, ọdún tí wọ́n rọ ọ́ wà lára rẹ̀. Bí awalẹ̀pìtàn bá bá a lábẹ́ ilẹ̀ ilé ìdáná, ó ti mọ̀ pé ilẹ̀ ilé ìdáná náà kò lè ṣáájú ọdún yẹn. Bó bá ti dé ọwọ́ ẹni tó ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iye tí wọ́n máa san lé e nìkan ló kù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó títí wọ́n fi lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè. Ọta àgbá tó bá ṣì wà níbi tó bọ́ sí lọ́jọ́ náà lè ràn wá lọ́wọ́ láti mọ apá ibi tí ọkọ̀ dúró sí. Lórí òṣùwọ̀n àwọn tó ń ra irin àlòkù, kílò mélòó ni wọn yóò bi í.

A ò tíì kan ọ̀rọ̀ òkú. Inú ilé ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa ń sin òkú wọn sí. Ọwọ́ pósí, òrùka, ẹ̀gbà ọwọ́, irin ni gbogbo wọn, ẹ̀rọ náà yóò sì ké lé wọn lórí bó ṣe ń ké lórí ìṣó. Ṣé ó di ìgbà tí wọ́n bá hú egungun bàbá ẹnìkan síta kí ọ̀gá kan tó dìde lórí àga rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ wo gan-an lẹ̀ ń gbowó oṣù lé lórí?

Ní 1938, àwọn tó ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ló kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Kò pẹ́ tí ọ̀kan nínú wọn fi dé British Museum ní London, ibẹ̀ ló sì wà títí di ìsinsìnyí. Àwọn alágbàṣe tó wa ilẹ̀ yẹn kò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Àwọn tiwa yìí mọ̀, wọ́n tiẹ̀ ra ẹ̀rọ láti wá a.

Àwọn kan ń sọ pé àwọn òyìnbó náà ń ṣe é, pé eré ọwọ́dilẹ̀ ni lọ́dọ̀ wọn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wọ ibi tí òfin dáàbò bò láìgba àṣẹ ti rú òfin, òfin ọdún 1979 ni. Ọdún kan náà tí wọ́n ṣe tiwọn la ṣe tiwa. Bí ohun tó rí bá jẹ́ ìṣúra lójú òfin ọdún 1996, ọjọ́ 14 ló ní láti fi lọ sọ fún aláṣẹ. Láti 1997 ni wọ́n sì ti ń yan òṣìṣẹ́ káàkiri tó ń kọ èyí tó kù àti ibi tí wọ́n ti rí i sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi wọ́n ṣe àwòkọ́ṣe kó má mú ẹ̀rọ nìkan níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu wa. Láti ọdún 1956 ni Ìlọ́jọ Bar, ilé àtijọ́ àwọn Àgùdà ní Tinúbu, ti wà lábẹ́ òfin gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Wọ́n wó o lulẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án, 2016. Láti ìgbà náà la ti ń kọ ọ́ pé kí wọ́n gbé pátákó sẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé tí òfin kàn, kí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹni tí aládùúgbò lè pè sórí rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ pé àti ilé àti ilẹ̀ ni òfin kàn. Pátákó o! A ò ní kí wọ́n lọ kọ́ afárá. Bí ìjọba bá ní owó láti gbé àwòrán ojú olóṣèlú sí gbogbo ìkóríta láti Ìdúmọ̀tà dé Ojúẹlẹ́gba, a ò mọ ohun tó sọ pátákó kékeré di nǹkan tí wọ́n ṣì ń jókòó ìpàdé lé lórí.

Ní ti àwọn ọmọkùnrin náà, a ò fẹ́ kí wọ́n kó wọn jókòó sílẹ̀ níwájú kámẹ́rà bí olè. Àwọn nìkan ló mọ ihò tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ti jáde, fídíò tí wọ́n ń yà kiri sì wà lórí fóònù wọn. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkàn, wọ́n wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Kí wọ́n bá àwọn ọmọ náà jókòó, kí wọ́n padà sínú ọgbà náà pẹ̀lú wọn, kí wọ́n sàmì sí ihò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sẹ́ iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì tọpa èyí tí wọ́n ti tà. A gbọ́ pé ẹbí ti pe àwọn tó máa da yanrìn dí àwọn ihò náà. Kí àwọn aláṣẹ dá wọn dúró lónìí.