"Aláìlópin" tó lópin: ṣé jìbìtì ni bí wọ́n ṣe ń dín eré dátà kù?

Àkànbí: Ilé-iṣẹ́ tó bá ta dátà "aláìlópin", tó wá dín eré rẹ̀ kù lẹ́yìn 22GB, irọ́ ló tà. 22GB kì í ṣe àṣejù o. Fídíò HD tó ń lo 5 Mbps (mẹ́gábíìtì 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) ń jẹ 2.25GB ní wákàtí kan. Kò ní tó wákàtí 10 tí gbogbo ẹ̀ á fi tán.

Òpó4G: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má pa nǹkan méjì pọ̀. Ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n de eré mọ́lẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n tì yín sẹ́yìn lórí ìlà. Ẹni tí wọ́n tì sẹ́yìn, ìgbà tí èrò bá pọ̀ lórí òpó nìkan ló máa mọ̀ ọ́n lára. Bó bá di aago mẹ́ta òru, eré rẹ̀ pé.

Ìyá Dátà: Ti àwọn tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ ńkọ́? 128 kbps, ìyẹn 0.128 Mbps! Fọ́tò 1MB á gbà tó ìṣẹ́jú kan gbáko, 1GB á ju wákàtí 17 lọ. FTC, àjọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo oníbàárà, pe ilé-iṣẹ́ fóònù AT&T lẹ́jọ́ lórí irú ẹ̀ ní 2014. Mílíọ̀nù 60 dọ́là ni wọ́n fi parí ẹ̀ ní 2019.

Òpó4G: Ìyá wa, àìsọ fún oníbàárà ló dá ẹjọ́ yẹn sílẹ̀. Àdéhùn yẹn ò ní kí wọ́n má dín eré kù mọ́. Ohun tó ní ni pé kí wọ́n kọ ààlà ẹ̀ síbi tójú á ti rí i nínú ìpolówó, kì í ṣe lẹ́tà wínníwínní nísàlẹ̀.

Atúnfóònùṣe: Kẹ́ ẹ tó pariwo, ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ pa Wi-Fi, kẹ́ ẹ wọn eré ní ìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n lóru. Bó bá dúró sójú kan tọ̀sán tòru, bíi 0.5 Mbps, wọ́n ti dè é. Bó bá ń lọ sókè sódò, èrò ló pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fast.com wé Speedtest, ìkànnì méjì tó ń wọn eré: ọ̀dọ̀ Netflix ni fast.com ti ń gbà, nítorí náà bí òun nìkan bá lọ́ra, ó jọ pé fídíò ni wọ́n ń há mọ́. Ẹ tan VPN, tí kì í jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ rí ohun tẹ́ ẹ̀ ń wò, kẹ́ ẹ tún un wọ̀n: bó bá yára sí i, ó jọ pé fídíò náà ni wọ́n há mọ́. Àmọ́ ẹ má wọ̀n ọ́n léraléra o, lórí 5G tó yára, ìwọ̀n kan ṣoṣo lè gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún MB mì.

Ìyá Dátà: Iye dátà tí fóònù kà pé a lò ńkọ́? Kì í bá ti ilé-iṣẹ́ mu.

Atúnfóònùṣe: Ọjọ́ tí oṣù bẹ̀rẹ̀ ló yàtọ̀. Ọjọ́ kìn-ín-ní ni ọ̀pọ̀ fóònù ti ń kà, tiwọn lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 17. Ẹ yí i nínú sẹ́tínì kó bá tiwọn mu.

Àkànbí: Ó dáa. Kí wọ́n sáà kọ "22GB" gàdàgbà, kí wọ́n yọ "aláìlópin" kúrò.

Òpó4G: Ẹ ò sì ní rà á, ẹ̀gbọ́n.